IGI ÌDÁNÁ NÍ SABON GARI: ÌTÀN ÀÀRÒ TÍ Ó BỌ́ WA

   

Bí a bá ń sọ ìtàn àwa Yorùbá ní Sabon Gari, ojú irin ni a sábà máa ń gbà wọ inú ọ̀rọ̀ náà. A ó sọ nípa àwọn baba wa tí wọ́n jẹ́ akọ̀wé rélùwéè, télọ̀, káfíńtà, tíṣà àti oníṣòwò. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n akọ̀wé kì í fi ebi kọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ni télọ̀ kì í fi ebi ránṣọ. Kí ọkùnrin kankan tó jáde ní àárọ̀, ẹnìkan ti jí ṣáájú rẹ̀, ó ti wú eérú àná, ó ti fẹ́ iná. Ta ni ẹni náà? Igi wo ni ó fi dáná? Níbo ni igi náà ti wá, èló ni wọ́n rà á, kí sì ni èéfín rẹ̀ ṣe fún ẹni tí ó dá a? Ìtàn tí mo fẹ́ bá yín sọ nìyí. Mo sì ní gbèsè kan lọ́rùn tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ mi tó parí.

Bí a ṣe dé ìhín

Kí òyìnbó tó gba Kánò ni Yorùbá ti wà níbẹ̀. Àdúgbò Ayagi tí ó wà nínú odi ìlú àtijọ́ jẹ́ ẹ̀rí fún wa títí di òní. Àwọn Yorùbá mùsùlùmí tí òwò gbé dé ibẹ̀ ti bá àwọn onílé ṣe àna, èdè Hausa sì ti di èdè ilé wọn. Ṣùgbọ́n àwa ará Sabon Gari, ọkọ̀ ojú irin ni ó gbé púpọ̀ nínú wa wá. Ní ọdún 1907 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí la ojú irin láti Baro, létí odò Ọya, lọ sí Kánò. Ní ọdún 1911 ni ó dé Kánò, wọ́n sì so ó pọ̀ mọ́ èyí tí ó ti Èkó wá, tí ó gba Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Òṣogbo, Ọ̀fà àti Ìlọrin kọjá. Òwò ẹ̀pà gbèrú lọ́gán, iṣẹ́ sì wà fún ẹni tí ó mọ ìwé àti ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ọwọ́.

Láàárín ọdún díẹ̀ ni ìjọba pín ilẹ̀ fún àwọn àlejò láti gúúsù ní ìta odi ìlú. Àwọn Hausa pe ibẹ̀ ní Sabon Gari, èyí tí ó túmọ̀ sí ìlú tuntun. Nínú ìlànà tí Lugard gbé kalẹ̀ fún irú ìlú bẹ́ẹ̀, ó ní kí àyè gbalasa tí kò ní ilé kankan, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó yáàdì 440, wà láàárín ibi tí òyìnbó ń gbé àti ibi tí ènìyàn dúdú ń gbé. Ìdí méjì ni wọ́n sọ. Èkíní ni ẹ̀fọn tí ń gbé ibà kiri. Èkejì ni iná tí wọ́n bẹ̀rù pé ó lè ti ilé wa ràn dé ilé wọn. Ẹ ò rí i pé ìbẹ̀rù ààrò wa ti wà nínú ìwé ìjọba!

Ẹ̀yin náà mọ bí ilé wa ṣe rí, ní Yoruba Road, ní Ibo Road, ní Aitken Road, ní Enugu Road àti káàkiri. Iyàrá kọjú sí iyàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà láàárín, àgbàlá wà lẹ́yìn. Àgbàlá yìí ni ìdáná. Ilé kan lè ní ìdílé mẹ́wàá, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ní ààrò tirẹ̀. Àwọn kan to òkúta mẹ́ta, àwọn kan lo àdògán, àwọn kan fi amọ̀ mọ ọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́, èéfín ààrò mẹ́wàá a pàdé lójú ọ̀run àgbàlá kan ṣoṣo.

Ìlú tí wọ́n ti ń ra igi

Ọ̀fà ni ìyá mi ti wọ ọkọ̀ ojú irin ní ọdún 1949 láti wá bá bàbá mi ní Kánò. Nígbà ayé rẹ̀, ó máa ń sọ fún wa pé kì í ṣe èdè ni ó kọ́kọ́ yà òun lẹ́nu, kì í sì í ṣe oúnjẹ. Ohun tí ó yà á lẹ́nu ni pé wọ́n ń fi owó ra igi ìdáná. Ní ilé, bí obìnrin bá ń ti oko bọ̀, yóò ṣẹ́ igi dání. Aṣẹ́gità wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣẹ́ ni a mọ̀ ọ́n mọ́. Kò sí ẹni tí ó ka igi gbígbẹ sí ọjà tí a ń ná bí ẹran. Ní Kánò ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ilẹ̀ tí ó yí ìlú ká kì í ṣe igbó, oko ni, oko tí a ti ń dá láti ìran dé ìran. Igi tí ó wà nínú oko ní olówó. Bí o bá ṣẹ́ ẹ̀ka níbẹ̀ láìgba àṣẹ, olè ni ọ́.

Nítorí náà igi ń wá bá wa ni. Ní ìdájí, kí ìrun àárọ̀ tó parí, àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ a ti wọ ìlú láti àwọn abúlé. Ìtí igi a wà ní ọ̀tún, ìtí igi a wà ní òsì, okùn a so wọ́n pọ̀, olówó ẹran a máa rìn lẹ́yìn. A ń pe igi náà ní "itace" bí àwọn onílé ṣe ń pè é, títí kan àwọn àgbàlagbà wa tí kò gbọ́ Hausa ju ti ọjà lọ.

Ohun kan wà tí àwa ọmọdé kò kíyè sí. Àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà kì í padà lófìfo. Bí wọ́n bá já igi sílẹ̀ tán, wọ́n á di ìgbẹ́ ẹran, eérú àti ìdọ̀tí ilé tí a gbá jọ, wọ́n á gbé e padà lọ sí oko. "Taki" ni wọ́n ń pè é. Òun ni ajílẹ̀ tí ó mú kí ilẹ̀ iyanrìn Kánò máa so ọkà bàbà, jéró àti ẹ̀wà lọ́dọọdún láìsinmi. Oko ń bọ́ ààrò ìlú, ààrò ìlú náà ń bọ́ oko. A ò tíì rí ìwé ìtàn Sabon Gari tí ó ka kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mọ́ àwọn tí ó tẹ ìlú yìí dó, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí a kà á mọ́ wọn.

Eérú náà ní iṣẹ́ mìíràn. Ní Kofar Mata, níbi tí wọ́n ti ń rẹ aṣọ láró láti nǹkan bí ọdún 1498, eérú wà lára ohun tí àwọn aláró ń pò mọ́ ẹ̀lú kí aró tó mú. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ti mọ àdìrẹ láti ilé mọ èyí dáadáa. Èyí ni pé ohun tí ààrò jẹ kù pàápàá kò ṣòfò.

Igi tútù, igi gbígbẹ

Ẹni tí ó bá ń fi owó ra igi gbọ́dọ̀ mọ igi. Ìyá mi a mú igi méjì, a fi ọ̀kan lu èkejì. Bí ó bá dún kò, kò, igi ti gbẹ nìyẹn. Bí ohùn rẹ̀ bá wúwo tí ó dún bí ẹni lu àpò ẹ̀wà, omi wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wo orí igi bóyá ó ti sán, tí yóò sì fi èékánná ṣí èèpo rẹ̀ wò. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò wí pé, "Haba, Malam, wannan danye ne," ìyẹn ni pé tútù ni èyí. Baba onígi yóò búra pé ó ti gbẹ láti oṣù méjì sẹ́yìn. Wọn yóò ná an títí tí ẹ̀rín yóò fi dé e.

Kì í ṣe ahun ni ìyá mi ń ṣe. Ìṣirò ni. Igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lè jẹ́ omi tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Bí o bá ra igi tútù kílò 10, ó ṣeé ṣe kí o ti fi owó ra omi kílò 4 tàbí 5. Kí igi náà tó lè ta ooru kan ìkòkò rẹ, iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sè omi yẹn, kí ó lé e jáde bí ọ̀yà. Ooru tí ó yẹ kí ó se ẹ̀wà ni ó ń lò fún un. Nígbà tí omi bá sì ń tutù iná nínú báyìí, igi kò ní jó tán, ohun tí kò jó tán ni ó ń di èéfín. Ìdí nìyẹn tí igi tútù fi ń náni lówó lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ onígi, lẹ́ẹ̀kan ní ojú àti àyà.

Ọgbọ́n gbígbẹ igi kò sì pọ̀. Kí a la á ni èkíní, nítorí èèpo ara igi ń dá omi dúró. Ibi tí a là àti orí tí a gé ni omi ń gbà jáde. Kí a má ṣe to ó sílẹ̀ gbẹrẹfu, kí a fi òkúta tàbí igi méjì tẹ́ abẹ́ rẹ̀, kí ọ̀rinrin ilẹ̀ àti ikán má bá a. Kí a to ó kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Kí a bo orí rẹ̀ nígbà òjò, ṣùgbọ́n kí a má dì í pa. Ní ti àwa ará Kánò, Ọlọ́run ti fún wa ní ẹ̀rọ ìgbẹgi tí a kò san owó rẹ̀: ọyẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ tí ó ń gbẹ ètè wa láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ń gbẹ igi lọ́nà kan náà. Àwọn ìyá wa tí wọ́n gbọ́n a ra igi púpọ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á là á, wọ́n á tò ó sí ẹ̀yìn ilé, kí òjò oṣù kẹfà tó dé. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, igi tútù nìkan ni ó ń wá, owó rẹ̀ sì ń gòkè.

Igi pẹ̀lú kò dọ́gba. Èyí tí a ń pè ní àyìn nílé, tí àwọn Hausa ń pè ní "marke", àti "kirya" tiwọn, ni igi gidi, wọ́n le, wọ́n wúwo, ògúnná wọn kì í tètè kú. Ẹni tí ó bá ń se ẹ̀wà tàbí ẹran màlúù kì í fi wọ́n tàfàlà. Ẹni tí kò bá lówó igi nígbà ìkórè a fi pòròpórò ọkà bàbà dáná. Èyí a máa jó fòò, ṣùgbọ́n o kò lè gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní ìlú òyìnbó lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó ni èyí. Kí wọ́n lọ béèrè wò. Láti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2021 ni òfin ti wà ní England pé ẹni tí ó bá ń ta igi ìdáná ní ìwọ̀n kékeré kò gbọ́dọ̀ ta èyí tí omi inú rẹ̀ ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ̀rọ kékeré ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn mìíràn ní Yúróòpù a máa fún lẹ́búlẹ́bú tí ayùn fọ́n sílẹ̀ pọ̀ di hóró wínníwínní tí ó gbẹ dáadáa, òun ni wọ́n ń dà sínú sítóòfù láti mú ilé móoru. Ohun tí òfin ń fi ẹ̀rọ wá níbẹ̀ ni ìyá mi ń fi etí gbọ́ ní Sabon Gari.

Ọyẹ́ àti ìkòkò ògúnná

Ẹni tí kò gbé Kánò rí kì í gbà pé òtútù wà níbẹ̀. Ní oṣù kìíní, òru a máa tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n 13 ti Celsius, a sì tún máa rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Ilé wa kò ní ohun tí ń mú ilé móoru. Síméńtì ni, páànù ni, eruku ọyẹ́ sì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Àwọn ènìyàn a kó ògúnná láti inú ààrò sínú ìkòkò tàbí àwo amọ̀ tí àwọn Hausa ń pè ní "kasko", wọ́n á gbé e wọ iyàrá, wọ́n á ká a mọ́ bí ẹni ká ọmọ tuntun mọ́.

Gbèsè mi wà níhìn-ín. Mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, ní àárín àwọn ọdún 1970. Àwọn ọmọkùnrin méjì kan wà nínú ilé wa, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an, wọ́n lọ sọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan tí ó ń ta èédú nínú ilé náà, wọ́n ní kí ó fún àwọn ní ògúnná. Ó fún wọn. Wọ́n gbé e wọlé, wọ́n ti fèrèsé, wọ́n fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn nítorí eruku. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọn kò dáhùn. Àwọn ọkùnrin ilé já ilẹ̀kùn. Wọ́n gbé àwọn méjèèjì jáde sí àgbàlá. Àbúrò mí, ó sì padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan. Ẹ̀gbọ́n kò jí mọ́.

Iná kò jó wọn. Kò sí èéfín nínú iyàrá náà. Kò sí àpá kankan lára wọn. Nítorí náà àwọn ènìyàn wá ìdí, wọ́n sì rí ẹni tí wọ́n ń wá: ìyá tí ó fún wọn ní ògúnná. Kò sí ẹni tí ó pe ẹjọ́ kankan. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọn kò ra èédú lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, wọn kò dáhùn ìkíni rẹ̀ mọ́. Ìyá mi, tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, dákẹ́ pẹ̀lú wọn. Àwa ọmọdé a máa sá bí ó bá yọ. Kí oṣù kan tó pé, ìyá náà ti di ẹrù rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ilé. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì, ni mo tó mọ ohun tí ó pa ẹ̀gbọ́n. Bí èédú tàbí ògúnná bá ń jó níbi tí afẹ́fẹ́ kò tó, ó ń tú gáàsì kan jáde tí a ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ojú. Bí a bá fà á símú, yóò gba àyè tí ó yẹ kí afẹ́fẹ́ tí a fi ń wà láàyè gbà nínú ẹ̀jẹ̀. Orí a kọ́kọ́ fọ́, oorun a kun ènìyàn, ẹni tí ó bá sì ti sùn lè má jí. Igi tí ń rú èéfín a máa lé ènìyàn síta fúnra rẹ̀, ògúnná tí kò ní èéfín kì í lé ẹnikẹ́ni. Yorùbá ní èéfín ni ìwà, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Ti gáàsì yìí yàtọ̀, òun bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí tí ó fi pa ènìyàn. Ìyá náà kò ṣe nǹkan kan ju pé ó ṣàánú àwọn ọmọ tí òtútù ń mú.

Láti orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ dé orí lọ́rì

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tí ó parí ní ọdún 1970, owó epo rọ̀bì dé, ìlú Kánò fẹ̀, ènìyàn pọ̀ sí i. Igi tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń gbé kò tó mọ́. Ọ̀dá ọdún 1972 sí 1974 pa ẹran, ó sì pa igi púpọ̀ káàkiri ilẹ̀ Hausa. Láti ìgbà náà ni lọ́rì ti gba iṣẹ́ náà. Ìhà gúúsù Kánò àti ilẹ̀ Bauchi ni wọ́n ti ń kó igi wá, ibi tí igbó ṣì wà. Ìtí igi di ẹrù ọkọ̀, onígi di alágbàtà, a kò mọ ẹni tí ó gé igi wa mọ́.

Ní àkókò kan náà ni sítóòfù wọ ilé wa. Ẹni tí ó bá ń dáná kẹrosíìnì ni ẹni tí ó lajú. Wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ ìfọpo Kaduna ní ọdún 1980, a sì rò pé igi ti tán lọ́rọ̀ wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ètò SAP dé ní ọdún 1986 tí owó náírà wálẹ̀, tí epo sì wọ́n gógó ní àwọn ọdún 1990, àwọn obìnrin tí wọ́n ti gbé àdògán pamọ́ tún lọ gbé e jáde. Mo rántí àwọn ọ̀wọ́ kẹ́ẹ̀gì tí ó tò láti òwúrọ̀ di alẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta kẹrosíìnì.

Gáàsì ni ọ̀rọ̀ tiwa báyìí. Láti ọdún 2007 ni ilé-iṣẹ́ NLNG ti bẹ̀rẹ̀ sí tà lára gáàsì ìdáná rẹ̀ nínú ilé, kí gbogbo rẹ̀ má baà máa lọ sí òkè òkun. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020 ni Ààrẹ Buhari ṣí iṣẹ́ lórí páìpù gáàsì láti Ajaokuta gba Kaduna wá sí Kánò, gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 614. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2024, owó kílò gáàsì kan kọjá N1,000. Ìgbà tí wọ́n sì yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ gòkè, igi tí ọkọ̀ ń gbé náà gbówó lérí. Yorùbá ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Ní ilé púpọ̀ ní Sabon Gari, gáàsì wà ní kọ̀rọ̀ kan, èédú wà ní kọ̀rọ̀ kejì, ìyá ilé sì ń wo àpò rẹ̀ kí ó tó yan èyí tí yóò lò.

Ta ni ó jẹ igbó run?

A ti máa ń gbọ́ ọ pé àwọn ará ìlú ni wọ́n fi ìdáná sọ ilẹ̀ Kánò di aṣálẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan, tí Michael Mortimore wà lára wọn, ẹni tí ó ti ṣe olùkọ́ ní Bayero University níhìn-ín, wádìí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n kọ ìwé kan nípa igi ìdáná ní Kánò tí ó jáde ní ọdún 1990. Wọ́n fi àwòrán tí a yà láti inú ọkọ̀ òfuurufú wé ara wọn, wọ́n sì rí i pé ní oko tí ó sún mọ́ ìlú, igi kò dínkù láàárín ọdún 1972 sí 1981. Ó pọ̀ sí i ni.

Ìdí rẹ̀ kò ju pé igi náà ní olówó. Àgbẹ̀ tí ó ní igi igbá, tí wọ́n ń pè ní "dorawa", kò ní gé e, nítorí irú tí ìyàwó rẹ̀ ń tà. Kò ní gé igi oṣè nítorí ewé rẹ̀. Kò ní gé "gawo", igi tí ń wọ́wé ní ìgbà òjò kí oòrùn lè kan ọkà, tí ó sì ń rúwé ní ẹ̀ẹ̀rùn kí ẹran lè rí jẹ. Ẹ̀ka ni wọ́n ń rẹ́ tà, wọ́n ń fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn igi dóńgóyárò tí wọ́n gbìn sí etí ọ̀nà náà ràn wá lọ́wọ́. Ibi tí igbó ti ń run ni ibi jíjìn, níbi tí lọ́rì ti ń lọ kó igi tí kò sí ẹni tí ó sọ pé tòun ni. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́: ohun tí ẹnìkan ń tọ́jú kì í tètè run, ohun gbogboogbò tí kò ní olùtọ́jú ni ó ń run.

Ohun tí èéfín gbà lọ́wọ́ wa

Ìyá mi wúkọ́ fún ogún ọdún kí ó tó kú. A ní ọyẹ́ ni. Ojú rẹ̀ pọ́n nígbà gbogbo. A ní àìsùn ni, nítorí àkàrà tí ó ń dín kí ilẹ̀ tó mọ́. Èmi kò lè búra pé èéfín nìkan ni ó ṣe é, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ: pé èéfín ìdáná inú ilé pa tó ènìyàn mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé ní ọdún 2020 nìkan. Obìnrin àti ọmọdé tí ó wà lẹ́yìn wọn ni ó ń jẹ ìyà yìí jù.

Ní Ìbàdàn pàápàá, àwọn dókítà ṣe ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2017. Àwọn aboyún 324 tí wọ́n ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná ni wọ́n bá ṣe é. Wọ́n fún àwọn kan ní sítóòfù tí ń lo ọtí ethanol tí kì í rú èéfín, àwọn yòókù ń bá ìdáná àtijọ́ lọ. Nígbà tí oyún dàgbà, ẹ̀jẹ̀ ríru kò pọ̀ láàárín àwọn tí wọ́n gba sítóòfù tuntun bí ó ti pọ̀ láàárín àwọn yòókù. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni wọ́n, ààrò bíi tiwa ni.

Ohun tí ó kù fún wa

N kò wá síbí láti sọ pé kí gbogbo ènìyàn ra gáàsì lọ́la. Mo mọ iye tí a ń tà á. Ṣùgbọ́n àwọn ohun kan wà tí kò náni ní kọ́bọ̀. Ẹni tí ó bá ń dá igi, kí ó ra á ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó là á, kí ó tò ó, kí ó jẹ́ kí ó gbẹ. Kí ó dáná ní gbangba tàbí níbi tí fèrèsé méjì ti kọjú sí ara wọn. Kí ọmọ ọwọ́ má wà lẹ́yìn ẹni tí ń fẹ́ iná. Ní ti ìkòkò ògúnná, èédú àti jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n má ṣe bá ẹnikẹ́ni sùn nínú iyàrá tí a tì, ó tutù o, kò tutù o. Bí òtútù bá mú, aṣọ ni kí a fi kún aṣọ.

Mo sì bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí gba ìtàn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá tí wọ́n kù, àwọn tí wọ́n mọ igi pẹ̀lú etí wọn. A ti kọ orúkọ àwọn baba tí wọ́n kọ́ ilé, tí wọ́n kọ́ ilé-ìwé, tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí. A kò tíì kọ orúkọ àwọn tí wọ́n dáná fún àwọn tí ó kọ́ wọn.

Ìyá tí ó ń ta èédú nínú ilé wa ti lọ, ìyá mi pẹ̀lú ti lọ. Bí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ìyá náà bá wà láàárín àwọn tí yóò ka ìwé yìí, tí wọ́n sì ti gbọ́ nílé pé ìyá wọn kúrò ní Kánò nítorí ọ̀rọ̀ kan, kí wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Àwa tí a dákẹ́, tí a sì sá fún un, ni a jẹ gbèsè. Mo tọrọ àforíjì ní orúkọ ìyá mi àti ní orúkọ ara mi.

 Iná ilé wa kò ní kú, kò sì ní jó wa.